São Tomé àti Ilé-ẹjọ́ ICC: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Padà Wá Lemọ́lemọ́

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bóyá kí São Tomé, erékùṣù aládùúgbò wa yìí, wọ ICC, ilé-ẹjọ́ àgbáyé tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá, bá jáde, àwọn ìbéèrè kan náà ló ń tẹ̀lé e. Ìdáhùn wọn rèé, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Níbo ni São Tomé àti Príncipe wà?

Erékùṣù méjì ni, nínú òkun tó wà ní gúúsù Nàìjíríà, níwọ̀ oòrùn Gabon. Àwọn Potogí ló ṣàkóso ibẹ̀ títí di ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1975. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 230,000 lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Alimosho nìkan, ní Èkó, jù wọ́n lọ lọ́nà márùn-ún ó kéré tán.

A kì í ṣe àjèjì sí wọn. Àdéhùn tí a bá wọn ṣe ní 2001 ló so wá pọ̀ lórí epo tó wà lábẹ́ òkun tó là wá láàárín: Nàìjíríà ń mú 60 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ń mú 40.

Kí ni Àdéhùn Róòmù tí wọ́n ń sọ?

Ìwé àdéhùn tó dá ilé-ẹjọ́ ICC sílẹ̀ ni. Wọ́n fẹnu kò lé e lórí ní ìlú Róòmù ní oṣù Keje 1998, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2002. Ìlú Hague, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ni ilé-ẹjọ́ náà wà, adájọ́ 18 ló sì ní. Ọ̀kan nínú wọn, Reine Alapini-Gansou, ọmọ ilẹ̀ Benin tó múlé gbè wá ni. Orílẹ̀-èdè tó ti wọ àdéhùn náà lé ní 120. Nàìjíríà wọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2001, Benin wọ̀ ọ́ ní oṣù Kìíní 2002. Togo kò tíì bu ọwọ́ lù ú rárá.

Ṣé ilé-ẹjọ́ tó gba Bakassi lọ́wọ́ wa nìyẹn?

Rárá o. Ilé-ẹjọ́ mìíràn ló dá ẹjọ́ Bakassi ní oṣù Kẹwàá 2002. Òun náà wà ní Hague, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Orílẹ̀-èdè ló ń pe orílẹ̀-èdè lẹ́jọ́ ní tọ̀hún: Cameroon ló pe Nàìjíríà. Ní ICC, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń jẹ́jọ́, ọ̀gágun ni o, ààrẹ ni o, olórí ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ ni o. Kò sí orílẹ̀-èdè tó lè dúró níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn.

Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ti Charles Taylor pẹ̀lú, ààrẹ Liberia tẹ́lẹ̀, ẹni tó sá wá gbé ní Calabar kí wọ́n tó mú un ní 2006. Ilé-ẹjọ́ àkànṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ogun Sierra Leone ló rán an lẹ́wọ̀n àádọ́ta ọdún. Wọ́n kàn gbé ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ lọ sí Hague nítorí ààbò ni.

Ṣé São Tomé kò tíì bu ọwọ́ lù ú ni?

Ó ti bu ọwọ́ lù ú tipẹ́, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2000, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àyè ìbuwọ́lù tì pa. Ohun tí kò tíì ṣe ni kí ó fi òǹtẹ̀ lù ú. Ọ̀tọ̀ ni ìkíní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì.

Ẹ wò ó báyìí: ìbuwọ́lù dà bí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹbí ti rí ẹbí, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu, gbogbo àdúgbò sì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì gba owó orí, ìyàwó ṣì wà nílé bàbá rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí São Tomé ti wà ní ìdí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yìí.

Kí ló kù kí wọ́n ṣe?

Kì í ṣe ohun tó pọ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 55, yóò gbà á wọlé, ààrẹ yóò fọwọ́ sí i, wọn yóò sì fi ìwé náà ṣọwọ́ sí akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́, ní ọjọ́ kìíní oṣù tó bá tẹ̀ lé e, àdéhùn náà yóò dè wọ́n.

Wọn kò lè gba apá kan kí wọ́n fi apá kan sílẹ̀. Odindi ni wọn yóò gbé e.

Irú ẹ̀sùn wo ni ilé-ẹjọ́ yìí ń gbọ́? Ṣé yóò bá wa mú àwọn ajalèlókun?

Ẹ̀sùn mẹ́rin péré ni: ìgbìyànjú láti pa ẹ̀yà kan run, ìwà ìkà sí aráàlú tó gbòde kan tàbí tó ní ètò nínú, ìwà ọ̀daràn lójú ogun, àti kí olórí orílẹ̀-èdè kan lọ gbógun ja orílẹ̀-èdè mìíràn láìtọ́. Ti ẹ̀kẹrin yìí kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di oṣù Keje 2018.

Ajalèlókun kò sí níbẹ̀. Olè epo kò sí níbẹ̀. Olówò oògùn olóró pàápàá kò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló mú kí erékùṣù kékeré kan tún gbé ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ yìí dìde, bí ẹ ó ṣe kà á nísàlẹ̀.

Àwọn tó ń dìtẹ̀ gbàjọba ńkọ́?

Ìdìtẹ̀ gbàjọba nìkan kò tó ẹ̀sùn ní ICC. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje 2003, Ààrẹ Fradique de Menezes ti São Tomé wà ní Nàìjíríà níbí nígbà tí àwọn ọmọ ogun gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ nílé. Ìjíròrò ni wọ́n fi yanjú rẹ̀, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan jù tí Olóyè Ọbásanjọ́ fi sìn ín padà délé. Kódà ká ní São Tomé ti wọ àdéhùn náà nígbà yẹn, kò sí ohun tí ICC ì bá fi ìyẹn ṣe. Àyàfi tí àwọn tó gbàjọba bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa aráàlú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ni ọ̀rọ̀ yóò yí padà.

Kí ni erékùṣù tí kò bá ẹnikẹ́ni jà ń wá níbẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló ń dùn mí jù, nítorí pé ẹni tó ń bi í máa ń rò pé ilé-ẹjọ́ yìí wà fún ìlú tí ogun wà nìkan. Ẹni tó ní ọmọ ogun púpọ̀ lè fi ìbọn dáàbò bo ara rẹ̀. Kí ni ẹni tí kò ní yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀, bí kò bá ṣe òfin?

Àwọn erékùṣù kékeré ló tètè lóye èyí. Ní 1989, A. N. R. Robinson, olórí ìjọba Trinidad àti Tobago, ló gbé e síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé kí wọ́n dá irú ilé-ẹjọ́ báyìí sílẹ̀, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn olówò oògùn olóró tí apá ìjọba kékeré kò ká ló ń bà á lẹ́rù. Ọkùnrin yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa: wọ́n fi í joyè ní Ilé-Ifẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ wa tó ré kọjá òkun ti ń bọ Ṣàngó àti Ògún títí dòní. Nígbà tí àdéhùn náà dé, Trinidad ni ìkejì ní gbogbo ayé tó fi òǹtẹ̀ lù ú, ní oṣù Kẹrin 1999. Senegal nìkan ló ṣíwájú rẹ̀.

Ẹ wo Comoros náà, erékùṣù inú òkun tó wà ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2010, àwọn ọmọ ogun Israẹli ya wọ ọkọ̀ ojú omi Mavi Marmara tó ń kó ìrànwọ́ lọ sí Gasa, ẹ̀mí sì lọ sí i. Àsíá Comoros ló wà lórí ọkọ̀ náà. Nítorí pé Comoros ti wọ àdéhùn, òun ló gbé ẹjọ́ náà lọ sí Hague ní 2013. Olùpẹjọ́ àgbà kọ̀ láti tẹ̀ síwájú, àwọn adájọ́ sì ní kó tún un yẹ̀ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹjọ́ náà kò dé ibi ìdájọ́, ìyẹn dun ọ̀pọ̀ èèyàn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ erékùṣù tí ọ̀pọ̀ kò lè tọ́ka sí lórí máàpù mú kí àwọn adájọ́ àgbáyé jókòó fún ọdún púpọ̀.

Ní 2024, Vanuatu, Fiji àti Samoa fi ìwé bèèrè pé kí wọ́n fi bíba àyíká jẹ́ kọjá ààlà kún àwọn ẹ̀sùn tí ICC ń gbọ́. Ìlú tí òkun yí ká bí São Tomé ní ohun tó fẹ́ sọ lórí èyí. Ohùn kan náà ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní nínú ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́, Jámánì kò ní ju erékùṣù kékeré Nauru lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dìbò.

Èló ni wọn yóò máa san lọ́dún?

Owó tí kò pọ̀. Òṣùwọ̀n Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni ICC ń tẹ̀ lé, ìsàlẹ̀ pátápátá òṣùwọ̀n náà sì ni São Tomé wà: 0.001 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìnáwó ilé-ẹjọ́ náà ní 2024 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 187 mílíọ̀nù yúrò. Amẹ́ríkà àti Ṣáínà kò sí níbẹ̀, nítorí náà ìpín oníkálukú máa ń ga díẹ̀ ju ti òṣùwọ̀n lọ, ṣùgbọ́n ti São Tomé kò ní kọjá ẹgbẹ̀rún yúrò díẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá jẹ gbèsè tó owó ọdún méjì kò ní lè dìbò mọ́.

Àwọn aládùúgbò rẹ̀ wà níbẹ̀?

Wọ́n pín. Nàìjíríà àti Gabon wà níbẹ̀. Cameroon bu ọwọ́ lù ú, kò fi òǹtẹ̀ lù ú. Equatorial Guinea kò ṣe ọ̀kankan. Nínú àwọn tó jọ ń sọ èdè Potogí, Potogí fúnra rẹ̀, Brazil, Timor-Leste àti Cape Verde ti wọlé. Angola, Mozambique àti Guinea-Bissau ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà bíi São Tomé. Cape Verde ni ẹ máa wò dáadáa: erékùṣù ni, ọmọ ìyá São Tomé ni nínú ìtàn, ó sì wọlé ní oṣù Kẹwàá 2011.

Ṣé àwọn adájọ́ São Tomé kò ní di aláìníṣẹ́?

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ náà ló ni ẹjọ́ lákọ̀ọ́kọ́. ICC kò lè dá sí i àyàfi tí ìjọba kò bá fẹ́ ṣe é, tàbí tí apá rẹ̀ kò ká a ní tòótọ́. Bí São Tomé bá wádìí ọ̀rọ̀ láìṣojúsàájú, tó sì gbé ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ síwájú adájọ́ rẹ̀, Hague kò ní nǹkan kan ṣe mọ́.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ gan-an ni kí wọ́n fi àwọn ẹ̀sùn mẹ́rin yẹn sínú òfin ilẹ̀ wọn. Nàìjíríà tó ti wọlé láti 2001 gan-an kò tíì sọ àdéhùn náà di òfin nílé, ìtìjú gidi sì nìyẹn jẹ́ fún wa.

Ṣé wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ Batepá lọ síbẹ̀?

Batepá ni orúkọ tí wọ́n fún ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ ní São Tomé ní oṣù Kejì 1953: lábẹ́ gómìnà Potogí tó ń jẹ́ Carlos Gorgulho, wọ́n fìyà jẹ aráàlú nítorí pé wọ́n kọ̀ láti lọ ṣe iṣẹ́ àgbàṣe tipátipá ní oko kòkó. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n kó àwọn kan pọ̀ sínú yàrá tóóró títí èémí fi pin, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ sí àgọ́ ìyà létíkun ní Fernão Dias. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ni wọ́n fi ń rántí wọn lọ́dọọdún, iṣẹ́ kì í sí lọ́jọ́ náà.

ICC kò lè gbọ́ ọ. Òfin rẹ̀ kì í wẹ̀yìn: ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ṣáájú oṣù Keje 2002 kò sí ní ọwọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dun àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó kú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí pé ìlú wo ló mọ̀ jù lọ ohun tí àìsí irú ilé-ẹjọ́ yìí ń fà, São Tomé ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Ti oṣù Kọkànlá 2022 ńkọ́?

Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn kan ya wọ bárékè ọmọ ogun ní olú-ìlú. Èèyàn mẹ́rin kú, fídíò bí wọ́n ṣe fìyà jẹ àwọn tí wọ́n mú sì tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó wo fídíò yẹn kò lè gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ICC kò fi lè gbọ́ ọ. Ìkíní, São Tomé kò sí nínú àdéhùn lọ́jọ́ yẹn, bí ó bá sì wọlé lónìí, láti ọjọ́ ìwọlé rẹ̀ ni ọwọ́ ilé-ẹjọ́ ń bẹ̀rẹ̀, àyàfi tí ìjọba fúnra rẹ̀ bá kọ ìwé pé òun gbà kí wọ́n wẹ̀yìn. Ìkejì, ìyà jíjẹ ọjọ́ kan nínú bárékè kan, bó ti wù kó burú tó, kò tíì di ìwà ìkà tó gbòde kan tàbí tó ní ètò. Ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ náà ló jẹ àwọn òkú wọ̀nyẹn ní gbèsè.

Òfin wọn kò fàyè gba ẹ̀wọ̀n gbére. Ṣé èyí kò tako àdéhùn náà?

ICC lè rán èèyàn lẹ́wọ̀n tó tó 30 ọdún, tàbí ẹ̀wọ̀n gbére bí ọ̀ràn bá wúwo gan-an. Kì í dájọ́ ikú. Àwọn amòfin tó kọ́ òfin Potogí kì í fẹ́ gbọ́ ẹ̀wọ̀n gbére létí, ìdí wọn sì dára: wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tó yẹ kí ìrètí rẹ̀ pin pátápátá.

Ìṣòro yìí kò tuntun. Potogí ṣàtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 2001 kí ó lè wọlé ní 2002. Brazil wọlé ní 2002, ó sì fi ìlà kan kún òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 2004. Àdéhùn náà fúnra rẹ̀ sọ pé ìjìyà tí òun là sílẹ̀ kò kan ti ilé. Ẹni tó bá ń fi èyí ṣe àwíjàre lẹ́yìn ogún ọdún, ọ̀nà wà níwájú rẹ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti là.

Bí ààrẹ tí ICC ń wá bá wá ṣàbẹ̀wò, ṣé wọ́n gbọ́dọ̀ mú un?

Ohun tí àdéhùn sọ nìyẹn, ipò kò sì gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìgbọràn ló ṣòro. Ní oṣù Keje 2013, Omar al-Bashir ti Sudan, tí ìwé àṣẹ méjì ti wà láti mú un, wá sí ìpàdé ní Àbújá. Nàìjíríà kò mú un. Àwọn ajìjàgbara sáré lọ sílé ẹjọ́, ọkùnrin náà sì tètè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mongolia náà kò mú Putin ní oṣù Kẹsàn-án 2024.

Ọ̀rọ̀ yìí kan São Tomé tààrà, nítorí pé ó bá Rọ́ṣíà ṣe àdéhùn ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ológun ní oṣù Kẹrin 2024. Wíwọ ICC kò ní kí wọ́n ya ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan kò ní lè wá kí wọn mọ́, ìjọba São Tomé sì gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ṣé kì í ṣe àwa Aláwọ̀dúdú nìkan ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́?

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òótọ́ ni pé títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2016, ilẹ̀ Áfíríkà ni gbogbo ìwádìí tí ICC ṣí wà. Ó dunni, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Òótọ́ náà ni pé Uganda, Congo, Central African Republic àti Mali fúnra wọn ló gbé ẹjọ́ wọn lọ. Láti ìgbà náà, wọ́n ti ṣí ìwádìí lórí Georgia, Afghanistan, Palẹ́sìtínì, Philippines, Venezuela àti Ukraine. Fatou Bensouda, ọmọ Gambia, ló jẹ́ olùpẹjọ́ àgbà láti 2012 sí 2021. Chile Eboe-Osuji, ọmọ Nàìjíríà, ló jẹ́ ààrẹ ilé-ẹjọ́ náà láti 2018 sí 2021.

Amẹ́ríkà ńkọ́? Ṣé kò ní bínú?

Ó lè bínú. Ní oṣù Kejì 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà bu ọwọ́ lu àṣẹ ìjìyà lórí ICC, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà, wọ́n fi adájọ́ mẹ́rin sí i, títí kan Alapini-Gansou, ọmọ Benin tí mo dárúkọ lókè. Àwọn èèyàn ilé-ẹjọ́ ni àṣẹ náà dojú kọ, kì í ṣe àwọn orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Síbẹ̀, n kò ní bẹ́nikẹ́ni jà tó bá ní ẹ̀rù ń ba orílẹ̀-èdè tó ń gbé lórí ìrànwọ́. Ẹ̀rù gidi ni.

Bí wọ́n bá wọlé tán, ṣé wọ́n lè jáde?

Wọ́n lè jáde, lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọdún kan. Burundi jáde ní 2017, Philippines ní 2019. Ṣùgbọ́n jíjáde kì í nu ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nù: Rodrigo Duterte, ààrẹ Philippines tẹ́lẹ̀, dèrò Hague ní oṣù Kẹta 2025 lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣì wà nínú ẹgbẹ́.

Bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ nínú omi epo tí Nàìjíríà àti São Tomé jọ ni, ta ló ni ín?

Èyí ló ta kókó jù. Bí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò bá fúnra rẹ̀ gbé ẹjọ́ náà lọ, ohun mẹ́ta ló ń fún ICC lágbára: ilẹ̀ tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ojú omi tàbí bàálù ti forúkọ sílẹ̀, àti orílẹ̀-èdè tí ẹni tó ṣe é ti wá. Omi tí a jọ ni jìnnà sí etíkun ju máìlì òkun 12 tí òfin kà mọ́ ilẹ̀ lọ. Nítorí náà, àsíá ọkọ̀ àti ìwé ìrìnnà ẹni náà ni wọn yóò wò.

Bó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tàbí ọkọ̀ tó ní àsíá Nàìjíríà, ọwọ́ ICC dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ São Tomé lórí ọkọ̀ São Tomé, kò dé ibẹ̀ lónìí. Lórí omi kan náà, lórí epo kan náà, awakùsà Nàìjíríà wà lábẹ́ ààbò òfin kan tí ẹnìkejì rẹ̀ láti São Tomé kò sí lábẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ tirẹ̀, yóò sì máa rí bẹ́ẹ̀ títí ìwé yẹn yóò fi dé New York.